Olè Ẹyẹ láti Dakar dé Atakpamé

Bí fìlà bá ń sọ ènìyàn di ọlọ́gbọ́n, ta ni ì bá gbọ́n tó Músíọ̀ Hilaire Fágbénró, ògbufọ̀ àgbà ní biró Kọmándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso Atakpamé ní ilẹ̀ Togo? Fìlà náà pupa, ó ga, wọ́n fi okùn wúrà yí etí rẹ̀ ká. Kò sí ẹni tó rí orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ rí àfi Angèle ìyàwó rẹ̀, òun náà kò sì sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Bí Músíọ̀ Hilaire bá ń lọ sí biró láàárọ̀, fìlà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí tí yóò yọ lórí òkè, lẹ́yìn náà irùngbọ̀n, lẹ́yìn náà ikùn, Philippe gáàdì yóò sì máa ru àga tẹ̀lé e, àga tí ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fi ìdí kàn. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ní láti bọ́ bàtà kí ó sì kí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ìkíni àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìjọba Faransé, èkejì jẹ́ ti Kọmándà, ẹ̀kẹta nìkan ni tòun. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun gba ẹ̀kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín, nítorí ó ti pẹ́, kò sì lè dùn ún mọ́. Músíọ̀ Hilaire kò gbọ́ Faransé. Ilé ìwé àwọn àlùfáà Jámánì ló lọ ní kékeré, èdè Jámánì ló kọ́, òun ló fi ń gbàdúrà. Nígbà tí ogun dé, tí àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó òpó irin gogoro tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ ní Kamina nítòsí Atakpamé, tí Faransé sì gba ilẹ̀, Hilaire wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dá irùngbọ̀n sí, ó ní òun gbọ́ Faransé. Wọ́n fi í ṣe ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jẹ bí adìyẹ tí ń ṣa àgbàdo, títí ó fi ní mẹ́tàdínláàádọ́ta: olè, ẹ̀wọ̀n, ìtanràn, ilẹ̀, ewúrẹ́, panṣágà, irọ́, àti “bẹ́ẹ̀ ni, Kọmándà mi.” Ogún ọdún ló ti ń jẹun lórí wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ, á húkọ́, á na ìka sókè, á sì sọ ohun tó bá wù ú.

Angèle ló gbọ́ Faransé. Ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ló dàgbà sí, ó lọ aṣọ fún wọn, ó ka ìwé fún èyí tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé ọkọ rẹ̀, Faransé dà bí irùngbọ̀n, ohun ọkùnrin ni. Nítorí náà ni obìnrin yìí ṣe pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọdún kejì tí eṣú jẹ oko àwọn ará Akparé, ọkọ̀ ojú irin gbé ìwé kékeré kan dé láti Lomé. Kọmándà ti lọ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

*M. l'Inspecteur arrive de Dakar. 2 170 kilomètres à vol d'oiseau, onze heures de vol ! Nous serons à Kamina vendredi. Faites dégager le terrain. Que tout le monde soit là.*

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé. Ọ̀gá Àyẹ̀wò ń bọ̀ láti Dakar. Bí ẹyẹ bá fò ó tààrà láìyà síbì kan, kìlómítà ẹgbẹ̀rún méjì àti àádọ́sàn-án ni láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Wákàtí mọ́kànlá péré ni ọkọ̀ òfurufú yóò fi fò ó. A ó dé Kamina lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ kó gbogbo nǹkan kúrò lórí pápá. Kí gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀. Kọmándà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó kàn ń yọ̀ ni, nítorí kò sí ọkọ̀ òfurufú tó balẹ̀ sí agbègbè náà rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ *vol* yẹn. Nínú èdè tiwa, ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ. Ohùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Faransé kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. *Vol* yìí kan náà ni wọ́n ń pe fífò, òun náà ni wọ́n ń pe olè jíjà, wọ́n so méjèèjì mọ́ èèkàn kan bí ewúrẹ́ àti àgùntàn. Músíọ̀ Hilaire mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ilé ẹjọ́ ló ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni *heures* ṣe jẹ́ wákàtí, tó tún jẹ́ aago; aago nìkan ló mọ̀.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, òógùn bò ó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó yé e. Ọ̀gá Àyẹ̀wò ń bọ̀ láti Dakar. Olè ẹyẹ, tó gùn ní kìlómítà ẹgbẹ̀rún méjì àti àádọ́sàn-án! Aago mọ́kànlá ni aago olè! Ọjọ́ Ẹtì, ní Kamina! Ní ti *dégager*, kò bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé rí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ “gáàdì” nínú rẹ̀ ketekete, ó sì mọ̀ pé wọ́n ní kí òun fi gáàdì sọ́ pápá náà ni. Ó jókòó. Ọkàn rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ, ó ti lọ sọ́dọ̀ mẹ́dáàlì. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀ ní apá òsì, ó sì rí i pé ibẹ̀ ṣófo jù.

Ní ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo baálẹ̀ àti gbogbo ìlú sí abẹ́ igi máńgòrò iwájú biró. Ó gun orí àga. Philippe di àga mú.

“Ẹ̀yin ènìyàn Atakpamé!” ni ó ké. “Ẹ̀yin tí ẹ sùn tí èmi ò sùn! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹun tí èmi ń ronú nítorí yín! Kọmándà kọ̀wé sí mi. Kò kọ ọ́ sí ọba, kò kọ ọ́ sí páádì ìjọ Kátólíìkì. Èmi Hilaire ni ó kọ ọ́ sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bó ṣe ń kọ ọ́, mo rí i lára lẹ́ẹ̀dì. Olè kan ń bẹ. Olè ẹyẹ ni. Orí olè náà wà ní Dakar, ìrù rẹ̀ wà níbí!”

Ariwo ta. Bàbárímisá, baálẹ̀ Agbonou, dìde. Àgbàlagbà ni, a máa yin ènìyàn kí ó tó bi í ní ìbéèrè, bí ẹni tí ń ta omi sí eruku kí ó tó gbálẹ̀.

“Músíọ̀ wa, àtùpà wa, àgbà nínú àwọn ẹlẹ́nu, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Dakar yìí ṣe jìnnà tó?”

“Ọkọ̀ ojú irin gba gbogbo ọjọ́ kan láti Lomé dé Agbonou. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Tò ó ní ìlà mẹ́tàlá. Ìyẹn ni Dakar.”

Bàbárímisá fi ìka ṣírò rẹ̀, ìka tán. “Ẹni tó wà ní ìlà kẹtàlá ló ń jí adìyẹ ní Akparé? Músíọ̀, apá rẹ̀ á mà gùn o.”

“Apá ìjọba náà gùn,” Músíọ̀ Hilaire dáhùn, “ṣé ẹ kò rí i nígbà tí wọ́n ń gba owó orí?”

Gbogbo ènìyàn ti rí i. Kò sí ẹni tó tún bèèrè bí apá ènìyàn ṣe lè gùn tó.

Ó wá ka àwọn òfin rẹ̀. Gbogbo adìyẹ, ẹtù, pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyẹlé ìlú náà, àti ti Agbonou, àti ti Akparé, wọn ò gbọdọ̀ sùn lórí igi mọ́, nítorí ẹni tó bá sùn ní gbangba ń pe olè. Lójoojúmọ́ tí aago bá ti lu mọ́kànlá, olúkúlùkù yóò gbá adìyẹ rẹ̀ mọ́ra, yóò sì ké pé, “Ó wà níbí!” Wọn yóò máa fi ìyẹn kọ́ra títí di ọjọ́ Ẹtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, gbogbo ẹyẹ pátá yóò kó lọ sí pápá Kamina, sí àárín gbangba, níbi tí kò sí igbó tí olè lè sá sí, òun Hilaire yóò sì dúró láàárín wọn. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá di aago mọ́kànlá, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn ní Atakpamé ju “Ó wà níbí! Ó wà níbí!” lọ. Arúgbó kan tí kò ní adìyẹ gbá ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó ké e bákan náà, kí wọ́n má baà kọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀ o. Olè tó ní orí àti ìrù gbọ́dọ̀ ní ẹni tí wọ́n ó mú.

Ọkùnrin kan wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, tó ń jẹ́ Jìbírílù. Àwọn òbí rẹ̀ ló wá láti Ọ̀fà, ṣùgbọ́n Atakpamé ni wọ́n bí òun sí. Adìyẹ ló ń tà. Á ra adìyẹ ní Akparé, á kó wọn sínú àgò, á gbé wọn dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Agbonou, ẹni tó ń bá a rà yóò sì gbà wọ́n ní Lomé. Àbámẹ́ta tó kọjá ni Sẹ̀ríyà ìyàwó rẹ̀ bímọ fún un, ọkùnrin, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni wọ́n ó sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Philippe mú un, ó tì í mọ́lé. Músíọ̀ Hilaire ní tí Ọ̀gá Àyẹ̀wò bá ti fojú kàn án lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ni yóò gbé e lọ sí Lomé, láti ibẹ̀ wọn yóò lé e kúrò ní Togo, kí ó máa lọ sí “ìlú rẹ̀.” Ìlú rẹ̀ yìí, Jìbírílù kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, kò mọ ẹnì kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ yóò sì gba orúkọ láìsí bàbá nítòsí.

Sàlímọ́tù ìyá Jìbírílù wá sí biró. Ó bọ́ bàtà, ó kí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá kúnlẹ̀.

“Músíọ̀, ẹ dákun, ẹ ṣàánú. Dakar wo? Ọmọ mi ò kọjá Notsé lójú ọ̀nà Lomé rí láyé rẹ̀.”

“Ìyá, ẹni tí kò kọjá Notsé, tí adìyẹ rẹ̀ ń dé Lomé, kí ló gbé wọn débẹ̀?”

“Ọkọ̀ ojú irin ni.”

“Háà! Ẹ gbọ́! Ọkọ̀ ojú irin! Kìlómítà! Philippe, kọ ọ́ sílẹ̀.”

Philippe kò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ó rà wọ́n ni, Músíọ̀. Gbogbo ará Akparé ló mọ̀ pé ó ń rà wọ́n. Ẹ bá mi bi wọ́n. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nìkan, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín.”

Músíọ̀ Hilaire kì í ṣe ènìyàn búburú, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àánú ṣe é fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó tún fọwọ́ kan àyà rẹ̀ ní apá òsì. “Ìjọba ló sọ̀rọ̀, ìyá,” ó wí. “Èmi kàn túmọ̀ rẹ̀ ni.”

Sàlímọ́tù gba ọ̀dọ̀ Angèle lọ, ó sunkún fún un, ó sọ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀ tí Músíọ̀ Hilaire ń jẹ iyán lọ́sàn-án, tí ìwé Kọmándà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, Angèle gbé omi wá kò sì padà. Ó dúró. Ó kà á.

“Bàbá Léon,” ó wí, nítorí Léon lorúkọ àkọ́bí wọn. “Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ yìí, lọ́dọ̀ àwọn sísítà, ẹyẹ ni wọ́n máa ń lò ó fún. Ẹyẹ ń fò.”

“Kí ni ẹyẹ ń ṣe?”

“Ó ń fò. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ní wọ́n fò wá láti Dakar. Ọkọ̀ òfurufú ni, Bàbá Léon. Wákàtí mọ́kànlá ni wọ́n fi fò.”

Músíọ̀ Hilaire gbé òkèlè dúró lójú ọ̀nà. “Ẹ gbọ́ bí obìnrin yìí ṣe ń sọ̀rọ̀! Ogún ọdún ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ta ló fò nínú wọn?”

“Bóyá ọ̀nà méjì ló gbà.”

“Ọ̀rọ̀ kì í gba ọ̀nà méjì! Ẹni tó ń gba ọ̀nà méjì, olè ni!”

Angèle kó àwo kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, Músíọ̀ Hilaire wo ìwé náà títí. Kìlómítà. Olè wo ni wọ́n ń fi kìlómítà wọ̀n? Ó rántí pé ní ilé ẹjọ́, iye adìyẹ ni wọ́n máa ń bèèrè, wọn kì í bèèrè bó ṣe gùn tó. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ ńkọ́? Yóò ní láti lọ bá Jìbírílù, kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó ní òun ṣì í gbọ́. Òun Hilaire! Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan gbọ́, wọn kò ní bi í léèrè nípa mẹ́rìndínláàádọ́ta tó kù? Ó nawọ́ mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó dé e, ẹ̀rù náà sì lọ. Ó pe Angèle padà pé kí ó bu ọbẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ẹ̀yin ò rí Kamina lọ́jọ́ náà! Irin àwọn Jámánì wà níbẹ̀, wọ́n ti dípẹtà, wọ́n dojú délẹ̀. Pápá náà ti funfun fún adìyẹ. Akọ wà, abo wà, ẹtù ń pariwo, pẹ́pẹ́yẹ ń wá omi, àwọn àkùkọ tí wọn kò mọ ara wọn rí ń bá ara wọn jà nítorí abo tí wọn kò mọ̀ rí. Gbogbo ará ìlú yí pápá ká. Jìbírílù jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Philippe nídìí àga Músíọ̀, okùn lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀nà Agbonou níbi tí ọkọ̀ ojú irin yóò ti fọn fèrè lọ́sàn-án. Sàlímọ́tù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Músíọ̀ Hilaire wà lórí àga ní àárín gbùngbùn, aago àpò lọ́wọ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ó na ọwọ́ sókè. Aago lu mọ́kànlá.

“Ó wà níbí!” gbogbo Atakpamé ké.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àkùkọ kan kọ. Oòrùn ń ta. Wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n dúró fún mẹ́wàá, kò sí olè. Músíọ̀ Hilaire ti aago bọ àpò, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irùngbọ̀n rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn Atakpamé! Ẹ̀yin tí mo gbà là! Aago olè ti kọjá! Ó wà ní Dakar, ó na apá, apá ò dé! Ta ló fà á tí kò fi dé? Èmi kò ní sọ ọ́. Ẹ wo irin wọ̀nyí. Àwọn Jámánì kọ́ ọ kan ọ̀run, ó wó. Èmi Hilaire dúró lórí àga lásán, mi ò wó! Lẹ́yìn òní, tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ Kamina, wọn ò ní rántí irin mọ́, wọn ó máa…”

Kùùùù.

Ó rò pé ìlú ló ń yìn ín. Ó tẹ orí ba díẹ̀ láti gbà á. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ti kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń wo òkè. Nǹkan kan yọ láti apá Notsé, ó ń dán, apá rẹ̀ na síta gbọọrọ, ó yí Kamina ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí ní ilé tó ti kún. Bàbárímisá gbá àyà mú. “Apá náà mà rèé o!” ó ké. “Ó dé!”

Ẹ ò rí ìran rí. Ọkọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun pápá, ó ń sáré bọ̀, gbogbo adìyẹ Atakpamé sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà pé adìyẹ lè ṣe: wọ́n fò. Wọ́n fò bí àṣá. Ìyẹ́ bo oòrùn. Philippe jọ̀wọ́ okùn, ó jọ̀wọ́ ìbọn, ó sì gbé àga tí Músíọ̀ Hilaire dúró lé lórí, ó fi bo orí ara rẹ̀, Músíọ̀ sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọkọ̀ wọ inú òkìtì àgò àti apẹ̀rẹ̀, ó gbọ̀n, ó fi imú gún òkìtì ọ̀gán kan, ó dúró. Kò sí ẹni tó farapa. Ilẹ̀kùn ṣí. Òyìnbó kúkúrú kan kọ́kọ́ yọ jáde, ojú rẹ̀ funfun ju aṣọ rẹ̀ lọ, abo adìyẹ dúdú kan tó bá ilẹ̀kùn wọlé sì há mọ́ abẹ́ apá rẹ̀.

Kí ni Músíọ̀ Hilaire rí? Ó rí àlejò tó já bọ́ láti òkè ní ọjọ́ tí wọ́n dá, láàárín ẹyẹ, pẹ̀lú adìyẹ lábẹ́ apá. Ó dìde nínú eruku. Ó fò mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Mo mú un!” ó ké. “Olè ẹyẹ! Mo mú un! Ẹ wá wò ó!”

Orí kejì yọ nínú ọkọ̀. Orí Kọmándà ni.

Ohun tí Kọmándà kọ́kọ́ sọ, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ń ké, ó ń tọ́ka sí adìyẹ, ó ń tọ́ka sí pápá, ó ń bèèrè pé ta ló fi ẹyẹ kún ibi tí òun ní kí wọ́n kó nǹkan kúrò. Músíọ̀ Hilaire kò jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá Àyẹ̀wò. Ó wá gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta kiri, ẹyọ kan ló rí.

“*Vol*, Kọmándà mi,” ó wí. “*Vol* ẹyẹ.”

Kọmándà wo adìyẹ abẹ́ apá àlejò rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tí wọ́n so lókùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ń yé e lọ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n bí ata. Ó fi Faransé bèèrè lọ́wọ́ gbogbo pápá pé ṣé kò sí ẹnì kan ní Atakpamé tó gbọ́ ohun tí òun ń sọ ni. Obìnrin kan kó ìró aṣọ rẹ̀ sọ́wọ́, ó la àárín adìyẹ kọjá, ó kí Kọmándà ní Faransé tó mọ́ gaara. Angèle ni.

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá kọjú sí àwọn ènìyàn, kò gun orí nǹkan kan, kò sì pariwo.

“Kọmándà ní kò sí olè kankan. Ó ní ọkọ̀ yìí ló fò láti Dakar, tí ó fi wákàtí mọ́kànlá rìn ín, wọ́n sùn sójú ọ̀nà. Ó ní bí ẹyẹ ṣe ń fò ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe jìnnà. Ó ní kí ẹ tú Jìbírílù sílẹ̀.”

Sàlímọ́tù kò dúró kí gáàdì tú u. Eyín ló fi já okùn náà, ó di ọmọ rẹ̀ mú ní ọrùn bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni, wọ́n jọ ń sunkún.

Bàbárímisá mi orí títí. “Angèle, ọmọ mi,” ó wí, “o ṣeun. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkọ rẹ wí yá mi lára jù. Pé àwọn tó wà ní Dakar ń na apá dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ń kó adìyẹ wa, ìyẹn ò ṣòroó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n pé ènìyàn fi wákàtí mọ́kànlá rin ìlà mẹ́tàlá? Túmọ̀ ìyẹn dáadáa.”

Angèle kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Kọmándà. Ògbufọ̀ gidi mọ èyí tí kì í túmọ̀.

Kọmándà nawọ́, ó ṣí fìlà pupa kúrò lórí Músíọ̀ Hilaire. Gbogbo Atakpamé na ọrùn. Lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n rí orí náà: orí kékeré ni, ó rí ṣóńṣó, ó pá ní àárín. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí pápá ká. Kọmándà ní kí ọkùnrin náà kó gbogbo adìyẹ tó kó jọ padà fún olówó wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọwọ́ ara rẹ̀, ilé sí ilé, láti Kamina dé Agbonou dé Akparé. Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí obìnrin kan tí adìyẹ rẹ̀ kò tóbi ju èyí tí ó gbé wá lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé Jìbírílù ní Zongo kún. Alùfáà ka àdúà tán. Jìbírílù gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní Múítì. Sẹ̀ríyà wo bàbá àti ọmọ títí. Ní àkókò yẹn ni ẹnì kan kó eruku dé ẹnu ọ̀nà. Abo adìyẹ dúdú, èyí tó wọ ọkọ̀ òfurufú, wà lábẹ́ apá rẹ̀. Orí rẹ̀ wà lásán nínú oòrùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ síta.

“Ṣé ìwọ nìyí, Hilaire?” Sàlímọ́tù wí. “Ẹ” ti bá fìlà lọ.

“Adìyẹ yín ni mo gbé wá, ìyá. Òun ló kẹ́yìn.”

“O fò wá ni, àbí o jí i wá?”

Ilé wó fún ẹ̀rín. Alùfáà gan-an fi ìwé bo ẹnu. Ọwọ́ Hilaire lọ sókè láti tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó bá orí lásán pàdé, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò húkọ́. Kò na ìka.

“Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, ìyá,” ó wí. “Láti àfẹ̀mọ́júmọ́.”

Kò sí ẹni tó bèèrè ìtumọ̀. Ogún ọdún tó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, èyí nìkan ni gbogbo ènìyàn gbọ́ bákan náà. Sàlímọ́tù wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wú. Ó gba adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wọlé wá mu omi,” ó wí. “Àga ń bẹ níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá wù ú ló ń jókòó lé e.”